Ẹ̀rù Ń Bà Á, Kì Í Ṣe Ojo

Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já. A lè wí pé, “Ẹ̀rù ń bà á.” A sì lè wí pé, “Ojo ni.” Nínú gbólóhùn kìíní, ẹ̀rù ni ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ ni ó ń ṣe é sí. Ẹ̀rù bà lé e bí ẹyẹ ti ń bà lé ẹ̀ka igi, ohun tí ó sì bà léni lè fò lọ. Gbólóhùn kejì kò mẹ́nu kan ẹ̀rù rárá. Orúkọ ni ó sọ ọmọ náà, àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ fi èdè Faransé tí a jọ ń lò nínú ìwé ìròyìn yìí wé e. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa wí pé “j’ai peur”, bí ẹni tí ó di ẹ̀rù mọ́wọ́. Bí ìfòyà rẹ̀ bá pẹ́, a wí pé “je suis anxieux”, bí ẹni pé òun àti ìfòyà ti di ọ̀kan. Èdè ìyá wa ti ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rù rẹ̀ kí dókítà kankan tó dé.

Ẹ̀sùn tí mo mú wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé gbólóhùn kìíní wà lẹ́nu wa, gbólóhùn kejì ni a fi ń tọ́ ọmọ ní ilé àti ní ilé ìwé. Àbá mi ni pé ìtọ́jú kan wà tí ó bá gbólóhùn kìíní mu, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní thérapie cognitive et comportementale. N ó máa pè é ní ìtọ́jú èrò àti ìṣe. A ti dán an wò lára ọmọdé lókè òkun àti ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó yẹ kí a gbà á ní Ìdáàṣà, kí a sì fi èdè tí ọmọ ń sọ nílé ṣe é.

Ọmọ tí inú ń run lọ́jọ́ Ajé

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò sí olùkọ́ kan ní ìlú wa tí kò mọ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú ara rẹ̀ yá gágá; ó bá wọn pọn omi, ó bá wọn ṣeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá, tí ó dájú pé kò ní lọ sí ilé ìwé mọ́ lọ́jọ́ náà, inú rírun náà lọ. Ẹ̀kọ́ tí ó kà fún àbúrò rẹ̀ nílé láìṣì í ka ni kò lè kà níwájú pátákó. Bí olùkọ́ bá pè é, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ á dì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń gba ọ̀ràn náà. Baba rẹ̀ wí pé irọ́ ni ó ń pa, ó sì fa pàṣán yọ. Ìyá rẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó mú un dání lọ sí ọjà. Olùkọ́ rẹ̀ wí pé olórí kunkun ni. Ìyá àgbà wí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ni ó ń pè é. Aládùúgbò kan sì mọ oníwàásù kan tí ń lé ẹ̀mí jáde. Àwọn márààrún fẹ́ ire fún ọmọ náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi í pé, “Kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá dìde níwájú pátákó?” Ibi ìbéèrè yẹn gan-an ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òkè tí ẹ̀rù gbé wa gùn

Kí a tó bá ẹ̀rù jà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un, àwa ọmọ Ìdáàṣà ni ó sì yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òkè 41 ni a máa ń kà fún ìlú wa. Ní ayé tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá gùn. Ẹ̀rù ni ó gbé wọn gòkè, ẹ̀rù náà ni ó sì dá ẹ̀mí wọn sí. Ta ni yóò dìde lónìí kí ó pè wọ́n ní ojo?

Ní 1894, Béhanzin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé, ogun ìkónilẹ́rú náà sì tán. Àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ilẹ̀ oko gbé wà. Bí ìdílé kan bá kọ̀ tí wọn kò sọ̀ kalẹ̀ nítorí ogun tí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rù tí ó gbà wọ́n là ni ì bá fi ebi pa wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ wa ti rí nìyẹn. Ara rẹ̀ ti gun òkè, kò sì sí ẹni tí ó fi hàn án pé kò sí ogun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá dé, ọkàn a máa lù kì-kì-kì, èémí a máa yára, ẹ̀jẹ̀ a sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, ikùn a sì dẹwọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ọmọ náà. Kò purọ́ rárá. Inú rírun náà dá a lóró bí ẹni pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí ó dúró sílé, ara rẹ̀ á balẹ̀, ìtura yẹn á sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ burúkú ni ìtura náà. Ó ń kọ́ ọmọ pé, “O sá ni o fi yè.” Ní ọjọ́ kejì pátákó á ga ju ti àná lọ, ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni ẹ̀rù á ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oṣù bá yí, orí ibùsùn ni. Báyìí ni ọmọ tí ó mọ̀wé ṣe ń fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ó tó jókòó fún ìdánwò CEP, tí àwọn ènìyàn á sì máa wí pé orí rẹ̀ kò gbé ìwé.

Ohun tí kò wò ó

Pàṣán àti ẹ̀sín ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn tí ń gbè wọ́n lẹ́yìn a máa wí pé, “Pàṣán ni wọ́n fi tọ́ wa, a sì di ènìyàn.” Àwọn tí ó di ènìyàn ni wọ́n ń kà. Ta ni ó ka àwọn tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí? Ní 1924, Mary Cover Jones, obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀rù ṣe lè kúrò lára ọmọdé. Ó yẹ ọ̀nà púpọ̀ wò: kí a fi ẹ̀rù sílẹ̀ kí ó kú fúnra rẹ̀, kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ọmọ nínú, kí a bá a wí tàbí kí a fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀nà méjì péré ni ó rí i pé ó yọrí sí rere dájúdájú. Èkíní ni pé kí a mú ohun tí ń dẹ́rù ba ọmọ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn sí nǹkan mìíràn. Èkejì ni pé kí ó máa wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ohun náà kò bà lẹ́rù. Ọmọ kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Wọ́n ń fún un ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, wọ́n sì ń gbé ehoro náà sún mọ́ ọn láti ọ̀nà jíjìn, títí Peter fi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lára. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìwé yìí ti jáde. Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ọmọdé 2015-08, ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, kò fi àyè gba kí a máa na ọmọ ní ilé ìwé. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi pàṣán lé ẹ̀rù, ìmọ̀ kò gbè é lẹ́yìn, òfin kò sì gbè é.

Èkejì ni àánú tí ó pọ̀ jù. Òun ni ó ṣòro jù láti bá wí, nítorí ìfẹ́ ni ó wọ̀ bí aṣọ. Ìyá tí ó mú ọmọ kúrò lọ́nà ilé ìwé, tí ó ń dáhùn fún un nígbà tí àlejò bá kí i, tí ó ń sùn tì í nítorí òkùnkùn, ń gbé oúnjẹ fún ẹ̀rù lójoojúmọ́. N kò sọ èyí láti dá ìyá lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé agbára rẹ̀ tóbi ju bí ó ti rò lọ. Ní Yunifásítì Yale, Eli Lebowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ 124 tí ìfòyà ń dà láàmú. Wọ́n tọ́jú àwọn kan fúnra wọn. Ní ti àwọn tí ó kù, òbí nìkan ni wọ́n kọ́: bí yóò ṣe dẹ́kun sísin ẹ̀rù ọmọ, tí yóò sì máa sọ fún un pé, “Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, mo sì mọ̀ pé o lè ṣe é.” Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, àwọn ọmọ tí òbí wọn nìkan gba ẹ̀kọ́ sàn bíi ti àwọn tí a tọ́jú fúnra wọn. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìyá: oògùn kan wà lọ́wọ́ yín tí kò sí ní ilé ìtajà oògùn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bá kún ìlú wa nítorí ihò òkúta Màríà ní Arigbo, ẹni tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ gbàdúrà kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí ó bá sì ṣètùtù fún ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ìgbà tí wọ́n bá wí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ohun àìmọ́ kan ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ebi àti àìsùn lé e. Ẹ̀rù kan ni ó gbé wá. Méjì ni wọ́n dì fún un lọ sílé. Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Bouaké kí ó tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ gan-an ni ó rán an láti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn tí orí wọn dàrú, kí ó sì gbé wọn lọ síbi tí dókítà àti oògùn gbé wà. Ẹ wo Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Arò ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n bá a ṣe é. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó ní kí àwọn ènìyàn kọ ìgbàgbọ́ wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a fi ìgbàgbọ́ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀.

Àtẹ̀gùn

Kí ni ìtọ́jú èrò àti ìṣe ń ṣe? Ohun mẹ́ta ni ó ń wò: èrò tí ó wá sọ́kàn ọmọ, bí ara rẹ̀ ti ń ṣe é, àti ohun tí ó ṣe nítorí náà. Ó mọ̀ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fa ara wọn. Bí a bá yí ọ̀kan padà, àwọn méjì yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa. Lákọ̀ọ́kọ́, a fún ẹ̀rù rẹ̀ ní àyè tirẹ̀. A kì í bi í pé, “Kí ló dé tí o fi ń ṣojo?” A ń bi í pé, “Nígbà wo ni ẹ̀rù náà máa ń dé? Níbo ni ó máa ń bà lé lára rẹ? Kí ni ó máa ń wí fún ọ?” Ọmọ á wí pé ó máa ń bà lé òun ní ikùn, ó sì máa ń wí pé gbogbo kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín, òun yóò sì ṣubú lulẹ̀. A ti rí èrò náà mú. Lẹ́yìn èyí, a kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí pẹ̀lẹ́, kí èémí tí ń jáde gùn ju èyí tí ń wọlé lọ, kí ara lè mọ̀ pé kò sí ogun.

Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn, òun sì ni ọ̀pá tí ó gbé ilé yìí ró. A fi òkúta wẹ́wẹ́ 10 sínú igbá. Òkúta kan ni ẹ̀rù kékeré, òkúta 10 ni ẹ̀rù tí kò ṣeé fara dà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń ka iye tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà. Kíka ẹ̀kọ́ fún àbúrò nílé gba òkúta kan. Kíkà á fún ọ̀rẹ́ méjì lábẹ́ igi máńgòrò gba mẹ́ta. Dídúró níwájú pátákó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí kíláàsì ṣófo gba mẹ́rin. Kíkà á fún olùkọ́ nìkan gba mẹ́fà. Kíkà á láti orí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀ gba méje. Dídúró níwájú pátákó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan gba mẹ́jọ. Dídúró ní òun nìkan gba mẹ́wàá. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gùn ún. A máa ń dúró lórí ìgbésẹ̀ kan, a sì máa ń tún un ṣe, títí òkúta inú igbá yóò fi dín kù. A kì í ti ọmọ gòkè, a kì í sì jẹ́ kí ó sá padà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń gbóná lọ́wọ́.

Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a bi í ṣáájú pé kí ni ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, a sì bi í lẹ́yìn náà pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ méjì bá rẹ́rìn-ín nínú ogójì, méjì ni a ó kà. Ìtọ́jú yìí kì í purọ́ fún ọmọ pé kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín láéláé. Ó ń jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín kí òun má sì ṣubú. Akin kọ́ ni ẹni tí ẹ̀rù kì í bà; ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ni.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní Philadelphia, Philip Kendall tẹ ìdánwò àkọ́kọ́ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé jáde ní 1994. Ní 2008, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 488, láti ọmọ ọdún 7 títí dé 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó gba ìtọ́jú èrò àti ìṣe nìkan, bí 60 ni ó sàn dáadáa. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba oògùn nìkan, bí 55. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó gba méjèèjì pọ̀, bí 81. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, bí 24. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, nítorí a rí i pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó sàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn oní-pàṣán pé kí wọ́n mú ìṣirò tiwọn wá.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Àtẹ̀gùn wà fún ẹ̀rù tí ó ju ewu lọ. Bí olùkọ́ bá ń na ọmọ, bí àgbàlagbà kan bá ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, bí àwọn ọmọ ńlá bá ń lù ú lọ́nà, òtítọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń sọ. Ẹni tí ó bá ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti fara dà á ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń pa á lára. Ewu náà ni kí a mú kúrò. Bákan náà, ọmọ tí kò jẹun mọ́, tí ó ń dákú, tàbí tí ó ń sọ pé òun fẹ́ kú, dókítà ni kí a gbé e lọ bá láìjáfara.

“Ti òyìnbó ni”

Àwọn kan yóò wí pé àṣà àjèjì ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n: ọmọ tí ẹ̀rù egúngún ń bà, báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ẹ̀yìn baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń dúró sí, tí ó ń yọjú. Lọ́dún kejì ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kẹta ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré, ó ń kọrin. Ìgbésẹ̀ àti àpẹẹrẹ ẹgbẹ́: ohun méjì tí Mary Cover Jones rí ní 1924 wà ní agboolé wa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi kún un ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tò ó, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Àwọn ará Áfíríkà kò sì káwọ́ gbera. Ní Zimbabwe, láti 2006, dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí ìjókòó onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa ran ẹni tí ìrònú bò mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ láti to ìṣòro rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Shona tí àwọn ènìyàn fúnra wọn ń sọ, kufungisisa, ìrònú àròjù, ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe orúkọ àìsàn tí ó wá láti inú ìwé. Ní Lusaka, ní Zambia, àwọn ènìyàn tí kì í ṣe dókítà gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi ẹ̀ka ìtọ́jú yìí kan tọ́jú àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí màbo. Àbájáde ìwádìí wọn lórí ọmọ 257 jáde ní 2015, ìdààmú àwọn tí wọ́n tọ́jú sì dín kù púpọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé kò sí oníṣègùn ọpọlọ ní Ìdáàṣà, pé ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Kútọnù, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí wa, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n Lusaka ti fi hàn pé olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa, tí ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ sì ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀, lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Èdè wo ni ẹ̀rù ń sọ?

Àwọn àgbà kan nínú wa ṣì rántí àmì tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn ní ilé ìwé bí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní signal. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago bá lù ni yóò jìyà. Ó pẹ́ tí àmì náà ti sọ nù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sọ nù: pé ẹni tí ó bá la ẹnu lè rí ìtìjú he. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dì níwájú pátákó ní Ìdáàṣà, ẹ̀rù méjì ni ó gbé dání. Ẹ̀rù ojú ènìyàn ni èkíní. Ẹ̀rù kí òun má ṣi Faransé sọ ni èkejì. Bí a bá wá fi Faransé tọ́jú rẹ̀, inú ilé ọ̀tá ni a mú un padà sí kí ó lè gba ìwòsàn.

Ìtọ́jú yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wá gbólóhùn gan-an tí ẹ̀rù sọ sí ọmọ létí, ẹ̀rù ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì tíì kọ́ Faransé. Èdè Ìdáàṣà ni ẹ̀rù náà ń sọ, tàbí Màyì, tàbí Fọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ilé tí ó bí ọmọ. Yorùbá tilẹ̀ ti ya àwọn ẹ̀rù sọ́tọ̀ fún wa. “Ojú ń tì mí” ni ti ẹni tí ojú àwọn ènìyàn ń bà lẹ́rù. “Àyà mi já” ni ti ìpayà òjijì. “Ọkàn mi kò balẹ̀” ni ti ìfòyà tí kò dá lórí ohun kan pàtó. Àtẹ̀gùn tí ó yẹ ẹni tí ojú ń tì kò yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Olùtọ́jú tí ó gbọ́ “anxiété” nìkan lè gbé àtẹ̀gùn ka ibi tí kò sí òkè.

Ohun tí ó kù sí ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ẹgbẹ́ bíi tiwa fi ń ja ìjà èdè, tí a ń wí pé Yorùbá kì í ṣe èdè oríkì àti ọdún ìbílẹ̀ nìkan. Ibi tí a ó ti fi hàn bẹ́ẹ̀ rèé. Mo ń béèrè ohun mẹ́rin.

Kí ẹgbẹ́ yìí tẹ ìwé pélébé kan jáde fún òbí, ní èdè Ìdáàṣà àti Faransé, tí yóò ṣàlàyé àtẹ̀gùn náà lọ́nà tí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ á lè gbọ́ bí a bá kà á sí i létí.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn ní Yunifásítì Abomey-Calavi máa kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń sọ ẹ̀rù wọn jọ, ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ̀, ní Kétu. Iṣẹ́ ìwádìí gidi ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín ṣe é láti òkèèrè.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ fòpin sí ẹ̀rín ẹ̀sín ní kíláàsì kí ẹ tó pe ọmọ kankan síwájú pátákó. Ẹ jẹ́ kí ó lè kọ́kọ́ dáhùn láti orí ìjókòó rẹ̀, kí ó sì lè kọ́kọ́ dáhùn ní èdè tí ó mọ̀.

Kí ẹ̀yin òbí, láti òní lọ, yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lẹ́nu yín. Ẹ má ṣe pe ọmọ ní ojo mọ́. Ẹ wí pé ẹ̀rù ń bà á, kí ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí kò gbà ju òkúta kan lọ.